Àga Tó Gbé Omi Mì

Lórí òkè tiwa, kò sẹ́ni tó ń lómi nílé. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tí ẹ bá bá lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí irun rẹ̀ ṣì ń kán tó-tó láti balùwẹ̀ á gbọ́wọ́ sókè, á fi Màríà Wúńdíá búra pé láti ìjẹta lòun ò ti rí omi bọ́jú. Ẹni tó ń fọṣọ lọ́wọ́ á kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ìhó ọṣẹ kó tó dá yín lóhùn. Irọ́ yìí, a kì í jẹ́wọ́ rẹ̀ fún fadá mọ́. Ó ti wọnú ìkíni wa. "Ẹ káàárọ̀ o, ṣé omi yọ?" "Omi kẹ̀? A ò rí kín-ín-kín." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kí ara wa, tí oníkálukú á sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ má bú wa jù. Tí ẹ bá dúró níbi tí àtẹ̀gùn òkúta wa ti pẹ̀kun, tí ẹ wo ìsàlẹ̀, ẹ ó rí ìlú Mẹ́síkò tó tẹ́ lọ salalu, ẹ ó sì rí ibi tí àwọn olówó ti ń fi omi wẹ koríko lásán láàárọ̀ lálẹ́, kó lè tutù fún bàtà wọn. Omi yẹn, abẹ́ ilẹ̀ wa ló ń gbà kọjá. Nígbà míì a máa ń gbọ́ ọ nínú páìpù, tí ó ń mí fìì, fìì, bí àgbàlagbà tó gun òkè. A ó sáré gbé korobá sábẹ́ ẹ̀rọ. Atẹ́gùn ni yóò fẹ́ sí wa lójú. Àwọn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ omi ní kí á ṣe sùúrù. A ti ṣe sùúrù títí, àwọn ọmọ tí a bí sínú sùúrù náà ti ń bímọ.

Nílé Doña Eufrosina, omi wà. Inú àga ló wà.

Maricruz ló ṣe àga náà, ìyẹn ìyàwó Rutilio, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Doña Eufrosina bí. Maricruz kò lè rí ohun tí ayé jù nù kó má gbé e wálé. Táyà tó ti jẹ tán, ó gbin òdòdó sí i. Àpótí tòmátì, ó sọ ọ́ di ibi ìkówèésí fún Nayeli, ọmọ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń ká sórí fóònù tó sì ń gbé sí ojú ewé tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára, tó pè ní "Ilé Wa Lórí Òkè". Àwọn ènìyàn tí kò rí rí, láti ìlú etíkun, láti ìlú òtútù, ń kí i níbẹ̀ láràárọ̀ pé, "Màrí, kí lo tún rí he?"

Fíríìjì ló rí he lọ́tẹ̀ yìí. Fíríìjì tó ti kú fin-ín-fin-ín, tí wọ́n gbé sílẹ̀ lẹ́bàá ọjà àlòkù. Rutilio àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù táyà ló gbé e gun àtẹ̀gùn, pẹ̀lú èpè tí mi ò lè kọ síbí. Wọ́n dá a dùbúlẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn àgbàlá, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wá kọjú sókè bí ìdérí àpótí. Maricruz fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọtí kíkan fọ inú rẹ̀. Ó kùn ún ní àwọ̀ sánmà, ó ya òdòdó oòrùn sí i lára, ó rán kọ́tìnì àtijọ́ ṣe tìmùtìmù lé e lórí. Ẹni bá wọlé á ní àga ìjókòó ni. Lọ́jọ́ tí gbogbo àdúgbò ti ara wọn mọ́lé tí wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù, tí tánkà omi sì dé láìròtẹ́lẹ̀, Rutilio fa rọ́bà tánkà wọ àgbàlá, ó rọ omi kún àga náà dẹ́nu. Bí omi ti ń wọlé ló ń kì í:

"Aláwọ̀ sánmà, òkú tí kò rà! A-dùbúlẹ̀-mu bí ọ̀mùtí ọjà, a-yó-má-bì! Wọ́n jókòó lé ọ, o ò sọ̀rọ̀. O gbé òjò mì, ikùn rẹ ò yọ!"

"Pa ẹnu rẹ mọ́," ni ìyá rẹ̀ sọ, àmọ́ òun náà ń rẹ́rìn-ín. "Omi Nayeli nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kàn án."

Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni Nayeli máa gba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́. Doña Eufrosina ti pinnu pé gbogbo àdúgbò ni yóò jẹ mole nílé òun, ọbẹ̀ dúdú olóòórùn dídùn yẹn, pẹ̀lú tòlótòló. Ẹ wo bí wọ́n ṣe máa lọ ata, tí wọ́n máa se ìrẹsì, tí wọ́n máa fọ àwo àdúgbò odindi. Ta ló fẹ́ fi ẹnu páìpù tó ń mí fìì se ìyẹn?

Ọ̀rọ̀ wá di ti Doña Hermelinda. Ilé rẹ̀ wà lókè pátápátá, níbi tí àtẹ̀gùn ti pẹ̀kun. Òun ló gbé Rutilio lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sàmì fún un, nítorí náà "komádre" ni òun àti Doña Eufrosina ń pe ara wọn, àwọn méjèèjì kò sì rántí ìgbà tí wọ́n pe ara wọn lórúkọ mọ́. Ọkọ rẹ̀, Don Genaro, ti wà lórí ibùsùn láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá kan. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Hermelinda sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú korobá òfìfo, ó sì jókòó gbàà lórí àga aláwọ̀ sánmà.

"Komádre, ẹ ṣàánú mi, korobá kan péré. Lọ́la ni ìyá tó ń gbé Ara Olúwa lọ bá àwọn aláìsàn máa dé ọ̀dọ̀ Genaro. Mi ò fẹ́ kó gba Olúwa pẹ̀lú òógùn lára."

"Komádre mi," ni Doña Eufrosina wí, "tó bá wà, ṣé màá fi dù yín? Mi ò ní èyí tí màá fi rin ìlẹ̀kẹ̀ rósárì mi."

Hermelinda mí kanlẹ̀. Ó fọwọ́ pa tìmùtìmù. "Àga yìí mà tutù o. Ó ń tu èèyàn nídìí."

"Abẹ́ àtẹ̀gùn ló wà, ẹ ṣáà mọ̀. Oòrùn ò dé ibẹ̀."

"Olúwa á pèsè," ni Hermelinda sọ. Ó dìde lórí omi náà, ó sì gbé korobá òfìfo rẹ̀ gòkè lọ.

Maricruz kò sí nílé nígbà yẹn. Ó ti lọ mú Nayeli wá láti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní katikísìmù. Ìyẹn ni kò fi mọ ohun tí ìyakọ rẹ̀ sọ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, tí oòrùn àárọ̀ bọ́ sórí òdòdó oòrùn tó yà, ó rí i pé àga náà dára ju ti ìgbàkígbà lọ. Ó gbé fóònù, ó ká a. Ó ká tìmùtìmù, ó ká àwọ̀. Lẹ́yìn náà, nítorí pé inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ó ṣí ìdérí, ó ti ọwọ́ bọ omi dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì fi fọ́n sí fóònù pé, "Ẹ wò ó, kò jò rárá!"

Ó gbé e sí ojú ewé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń jẹun àárọ̀, àmì ọkàn pupa àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ti ń rọ̀ lé fóònù náà lórí bí òjò.

"Ẹ gbọ́ o, Màmá. Obìnrin kan ní, 'Màrí, ọwọ́ rẹ ò ní gbẹ láéláé.'"

Doña Eufrosina ń yí tòtíyà, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ, padà lórí iná. "Ṣé ó máa wá bá ọ fọ àwo?"

"Ìlú òkèèrè ló wà, Màmá."

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwọn tó fẹ́ràn rẹ, òkèèrè ni wọ́n ń gbé. Jẹ ẹ̀wà rẹ kó tó tutù."

Rutilio ń fi tòtíyà pa ojú àwo rẹ̀ mọ́ tónítóní, bí gbogbo wa ti ń ṣe, kí fífọ̀ rẹ̀ lè rọrùn. Kò dá sí i. Ẹni tó bá ń gbé láàrin ìyá àti ìyàwó máa ń jẹun púpọ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n kan géètì. Doña Tomasa ni, tó ń ta tòtíyà nísàlẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé òun ló ń tò wá sórí ìlà nígbàkígbà tí tánkà bá dé. Ó dúró pẹ̀lú ẹ̀rín ńlá lójú, àti korobá méjì lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, Doña Eufro. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, mo ní kí n wá jókòó díẹ̀ lórí àga yín."

"Àga? Kò sí àga ní ṣọ́ọ̀bù yín ni?"

"Ó wà. Tèmi gbẹ ni."

Doña Eufrosina wò ó láti òkè délẹ̀. Ọkùnrin oníbàtà tó ń gbé lódìkejì ti ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò kọfí lásán. "Èmi náà wá jókòó ni, Doña Eufro," ló wí. "Mi ò ní pẹ́. Ìkòkò kan péré ni màá fi jókòó."

"Kí ló ń ṣe yín láàárọ̀ yìí? Ṣé ẹ ti mutí ni?"

"Ọtí wo? Nígbà tí a ò rómi mu!" Tomasa na fóònù rẹ̀ sí i lójú.

Doña Eufrosina wò ó. Ó rí àgbàlá ara rẹ̀. Ó rí yẹ̀rì rẹ̀ méjèèjì lórí okùn, tí wọ́n ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níwájú ayé. Ó rí ìdérí tó ṣí, àti omi Nayeli tó ń dán bí dígí. Ó rí ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó bọ́ sínú rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

"Yẹ̀rì mi," ló kọ́kọ́ sọ.

"Wọ́n dára," ni ọkùnrin oníbàtà wí. "Wọ́n mọ́ gan-an ni. Ẹ ò rí i pé omi wà."

Tomasa rẹ́rìn-ín títí ó fi di géètì mú. Àmọ́ Doña Eufrosina kò gbọ́. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó rọra béèrè pé, "Komádre mi ńkọ́? Ṣé ó ti rí i?"

Ẹ̀rín Tomasa dín kù. "Èmi ni mo fi hàn án. Ó wá ra tòtíyà. Ó wò ó tán, ó ní kí n tún un fi han òun, ó tún wò ó. Kò sọ nǹkan kan o, Doña Eufro. Ó kàn lọ. Tòtíyà tó sanwó ẹ̀ ṣì wà lórí káńtà mi."

 Páìpù ògiri mí fìì, ó dákẹ́.

"Omi inú àga yẹn, ti ìgbà tí ọmọ ọmọ mi máa gba Ara Olúwa ni," ni Doña Eufrosina wí níkẹyìn, ó sì ń ti géètì mọ́ wọn. "Lọ́jọ́ Ìsinmi, gbogbo yín ni ẹ máa jẹ níbẹ̀."

"A dúpẹ́," ni Tomasa wí láti ìta. "Tánkà ń bọ̀ lọ́sàn-án òní, wọ́n ti pè mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó lórí odò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwa tí a jókòó lórí ilẹ̀ kọ́kọ́ gbà."

Bí géètì ti padé tán, ọ̀rọ̀ inú ilé ló kù. Doña Eufrosina kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Maricruz, ọmọ mi. Ta ló ní kí o ṣí inú rẹ̀ fún wọn?"

"Màmá, ṣé mo mọ̀ pé ẹ ti purọ́ fún wọn ni? Ẹ ò sọ fún mi."

"Irọ́! Ṣé o gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ pè mí, Rutilio?"

Rutilio gbé tòtíyà míì sẹ́nu.

"Mi ò pè yín ní òpùrọ́, Màmá. Mo ní ẹ purọ́. Gbogbo òkè ló ń purọ́. Àmọ́ àwọn ènìyàn mi ni mo fi àga hàn, àwọn ará òkèèrè."

"Tomasa náà, ará òkèèrè ni? Láti ibí, mo lè gbọ́ ìgbà tó bá sín!"

"Mo ti yọ ọ́ kúrò báyìí. Ẹ wò ó, kò sí mọ́."

"Ó wà nínú fóònù Tomasa. Ó wà lójú komádre mi. Wá yọ ìyẹn." Ó gbé tòtíyà kúrò lórí iná. "Obìnrin yẹn jókòó lórí omi, ó ń bẹ̀ mí fún omi. Ó ní àga náà ń tu òun nídìí. Ó sọ ọ́ fún mi."

Maricruz fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń gbé òun ni tàbí ẹkún. Rutilio kò mọ ìgbà tó yẹ, ló bá bú sẹ́rìn-ín, tòtíyà sì há a lọ́fun. Ìyá rẹ̀ gbá a lẹ́yìn títí ó fi jáde, ó sì tún fi kún gbígbá náà lẹ́yìn tí tòtíyà ti jáde tán.

Ní ọ̀sán, a gbọ́ fèrè tánkà. Ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí: ilẹ̀kùn á ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, dúrọ́ọ̀mù á máa yí gbirigbiri, ajá á máa gbó, oníkálukú á gbé tirẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ ní ṣíṣí. Àwọn tó láwọn ò lómi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ń sáré da omi àná kúrò nínú dúrọ́ọ̀mù sínú ìkòkò inú ilé, kó lè dà bíi pé ó gbẹ. Tomasa dúró láàrin pẹ̀lú ọwọ́ ní ìbàdí bí ọ̀gágun.

"Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè! Don Abundio, ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù kejì yẹn padà sínú ilé, mo rí yín. Olódò ńkọ́? Ẹ fo ilé olódò!"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Rọ́bà kọjá níwájú dúrọ́ọ̀mù Rutilio láìdúró. "Ǹjẹ́ ẹ fẹ́ kí á bá yín bù ú kúrò nínú àga, Rutilio?" ni ẹnìkan kígbe. "Ṣé ibùsùn yín náà kún?" Rutilio dúró, ó ń yọ́ rẹ́rìn-ín ìtìjú. Doña Eufrosina wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìbòrùn lórí, kò wo Tomasa rárá. Òkè ló ń wò. Níbẹ̀ ni Hermelinda dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan lórí ẹnu dúrọ́ọ̀mù náà, bí ẹni tó di ọmọ mú lórí ìlà.

Rọ́bà ń gòkè. Ilé kan, òmíràn. Bí dúrọ́ọ̀mù kan bá ti kún ni wọ́n á dé e, wọ́n á na aṣọ lé e, wọ́n á gbé òkúta lé aṣọ. Nígbà tó ku ilé díẹ̀ kí ó dé òkè pátápátá, rọ́bà sín, ó tu itọ́ díẹ̀, ó rọ.

"Ó tán," ni awakọ̀ wí, ó sì ń ká rọ́bà rẹ̀. "Màá padà wá lọ́la."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. A mọ ọ̀la yẹn.

Hermelinda wo ìsàlẹ̀, láti ilé kan sí èkejì. Kò béèrè. Síbẹ̀, gbogbo wa dáhùn. Tomasa tẹ̀ wo inú dúrọ́ọ̀mù ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wá òrùka. Ó ní, "Tèmi ò tiẹ̀ kún dáadáa." Don Abundio ní ti ìwẹ̀ àwọn ọmọ lòun gbà. Obìnrin kan ní ọbẹ̀ òun wà lórí iná. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọlé, ilẹ̀kùn wọn sì ń dún bí wọ́n ṣe ń tì í.

"Komádre!" ni Doña Eufrosina pè.

Hermelinda yí dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ padà sínú ilé. Ó dún gbàn-gbàn lórí òkúta, nítorí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Kò wẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n wọlé, Doña Eufrosina bọ́ sí ilé ìdáná. Ó kó ata gbígbẹ tó fẹ́ rẹ fún mole sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì ń fa ìrù rẹ̀ yọ. Ó fà á títí, kò wo nǹkan kan. Maricruz wá bá a, ó sì ń fa tirẹ̀. 

"Hermelinda ló máa ń bá mi lọ ata," ni Doña Eufrosina sọ sí ata náà. "Ọwọ́ rẹ̀ ló mọ ìwọ̀n rẹ̀. Èmi, mo máa ń jẹ́ kó korò."

Maricruz fa ìrù ata míì.

"Ìgbà wo ni ìyá oní Ara Olúwa máa ń gun òkè?"

"Kó tó di pé agogo ìrọ̀lẹ́ lù, Màmá."

Doña Eufrosina nu ọwọ́. Ó bọ́ sí àgbàlá, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé tìmùtìmù kúrò. "Ṣí i," ló wí.

"Omi Nayeli, Màmá?"

"Ṣí i kí n tó yí ọkàn padà. Mo mọ ara mi."

Wọ́n bù ú sínú korobá tó tóbi jù nínú ilé, Rutilio gbé méjì, Maricruz gbé ọ̀kan, Doña Eufrosina gbé kẹ́tùlù kan mọ́ àyà bí ọmọ titun. Kí wọ́n tó jáde, ọwọ́ Maricruz lọ sápò aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fa fóònù yọ díẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí nǹkan bá dára lójú. Ìyakọ rẹ̀ wò ó. Maricruz ti fóònù padà wọlé, ó sì gbé korobá rẹ̀.

Bí wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn, ilẹ̀kùn ń ṣí díẹ̀-díẹ̀ lápá ọ̀tún lápá òsì. Tomasa yọjú. Ó fẹ́ sọ nǹkan kan, ẹnu rẹ̀ ti là. Ó wo ibi tí wọ́n ń lọ, ó pa á dé.

Hermelinda ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ó wo korobá, ó wo wọn. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè kọjá, kò sì kí wọn.

Lórí ibùsùn, Don Genaro fi apá ojú rẹ̀ tó ṣì ń gbọ́ràn rẹ́rìn-ín. Aṣọ funfun kan ti wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àbẹ́là àti àgbélébùú, tí wọ́n ti tò sílẹ̀ de Olúwa. "Komádre," ló wí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fà díẹ̀, "mo rí àga yín lórí fóònù ìyàwó mi láàárọ̀ yìí. Ó dára púpọ̀. Mo tún rí aṣọ kan tí ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó mi bò mí lójú."

Rutilio wúkọ́. Maricruz wo ilẹ̀. Hermelinda kò rẹ́rìn-ín. Ó gba kẹ́tùlù lọ́wọ́ Doña Eufrosina, ó gbé e lé iná. Ó mú ọṣẹ, ó mú kànrìnkàn, ó na tówẹ̀ẹ̀lì sórí ẹ̀yìn àga. Gbogbo rẹ̀ ló ń ṣe bí ẹni pé òun nìkan ló wà nínú yàrá.

"Ṣé kí a máa lọ ni?" ni Rutilio sọ jẹ́jẹ́ sí ìyá rẹ̀.

"Ẹ máa lọ, ẹ̀yin méjèèjì."

Wọ́n lọ. Doña Eufrosina dúró sí ẹsẹ̀ ibùsùn. Ó bọ́ ìbòrùn, ó ká a, ó tún tú u ká.

"Omi ọjọ́ Ìsinmi ni mo rò pé mo ń pa mọ́, komádre. Mo ní ọjọ́ kan péré ni fún ọmọ náà. Mo ní gbogbo yín náà lẹ ó jẹ ẹ́."

Omi ń pariwo lórí iná. Hermelinda ń wo kẹ́tùlù.

"Irọ́ ni mo pa. Mo wò yín lójú, mo sì fi rósárì mi pa á."

Hermelinda gbé kẹ́tùlù kúrò, ó da omi gbígbóná sínú abọ́, ó fi tútù là á. Ó ti ìgbọ̀nwọ́ bọ̀ ọ́, ó dúró, ó fi díẹ̀ kún un.  Don Genaro ń wo obìnrin kan, ó ń wo èkejì, ó sì mọ̀ pé kò sí ẹ̀fẹ̀ tó lè wọ ibẹ̀.

Doña Eufrosina dúró títí. Nígbà tó ṣe, ó gbé ìbòrùn rẹ̀ padà sórí, ó yí ojú sí ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn rẹ̀, Hermelinda ti gbé abọ́ sórí àpótí. Ó ti kúnlẹ̀ lórí ibùsùn, ó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ apá ọkọ rẹ̀ tó ti rọ, ó ń gbìyànjú láti gbé e jókòó. Don Genaro, ara ńlá ni. Ó gbé e díẹ̀, ó yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó mí. Ó tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

"Komádre," ló wí láìgbójú sókè, "ẹ bá mi di èjìká rẹ̀ mú lápá ibẹ̀ yẹn."